Kí Ẹ Tó Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Mọ̀ Nípa Ẹ̀wù Ìgbẹ̀mílà àti Ráàfù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé lọ̀rọ̀ náà lórí ilẹ̀. Bí bíréèkì tírélà bá já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ọ̀kà, ẹni tó bá tètè fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ ni yóò délé ròyìn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dojú dé láàrin omi, ẹsẹ̀ kò wúlò mọ́. Ohun téèyàn ti wọ̀ sọ́rùn kó tó kúrò ní èbúté, àti ohun tí ọlọ́kọ̀ gbé sínú ọkọ̀, ni yóò sọ bóyá yóò padà sílé.

Ẹ lè máa wí pé kí ló kan àwa ará Àkókó nínú ọ̀rọ̀ omi, nígbà tó jẹ́ pé àpáta àti òkè ló yí wa ká. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìpínlẹ̀ Òndó kan náà ni àwa àti àwọn Ìlàjẹ wà. Àwa wà ní ìparí rẹ̀ lókè, àwọn wà ní ìparí rẹ̀ nísàlẹ̀, létí òkun. Ìkàrẹ́ níbí ni ibùdó ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn agùnbánirọ̀ ìpínlẹ̀ wa wà. Bí wọ́n bá parí eré sójà níbẹ̀, tí wọ́n pín ìwé, àwọn kan nínú wọn á rí i pé Ìlàjẹ tàbí Ẹsẹ̀-Odò ni wọ́n gbé àwọn lọ, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń dé àwọn abúlé mìíràn. Ọmọ ẹlòmíràn tó wá láti Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá wa tó ń ta ẹja gbígbẹ àti edé: Igbókòdá kò ṣàjèjì sí wọn. Bákan náà ni àwọn ọmọ Ìlàjẹ tó ń kàwé ní yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá, tó wà láàrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, máa ń mú ọ̀rẹ́ lọ sílé nígbà ìsinmi.

Ìjàm̀bá orí omi kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ lóru ni ọkọ̀ wọn dànù ní agbègbè Pátígi ní ìpínlẹ̀ Kwara, èèyàn tó bá a lọ lé ní 100. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, òṣèré tíátà Junior Pope àti àwọn kan tí wọ́n jọ ń ṣe fíìmù kú sínú odò ní ìpínlẹ̀ Anambra. Nínú fídíò kan tó fi síta kó tó kú, ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń pariwo pé kí awakọ̀ rọra, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà lọ́rùn rẹ̀. Kì í sì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Lọ́jọ́ 26, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2002, ọkọ̀ Joola ti orílẹ̀-èdè Senegal dojú dé lójú òkun. Nǹkan bí 580 èèyàn ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tó kú nínú rẹ̀ jẹ́ 1,863, àwọn 64 péré ló yè.

Ẹ̀wù ni àkọ́kọ́

Ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn béèrè ní èbúté, kó tó béèrè iye owó ọkọ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dọ́gba o. Ẹ wo àkọlé inú rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí lẹ́tà N tẹ̀ lé. Iye agbára tó fi ń gbé èèyàn sókè nínú omi nìyẹn. Èyí tí wọ́n kọ 50N sí, tó lè gbé nǹkan bíi kílò 5, ẹni tó mọ omi wẹ̀ tí kò sì jìnnà sí èbúté ló wà fún. 100N ló yẹ fún odò tó dákẹ́ àti ọ̀sà. Ẹni tó bá ń lọ sójú òkun, 150N ni kó wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ tẹ fóòmù inú rẹ̀. Bí ó bá ti rí pẹlẹbẹ bíi tìmùtìmù tí wọ́n ti jókòó lé fún ọdún mẹ́wàá, ẹ dá a padà. Ẹ wò bóyá ìdè rẹ̀ ń há dáadáa, bóyá fèrè wà lára rẹ̀, àti bóyá àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń tàn. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ dè é, kí ẹnì kan fa èjìká rẹ̀ sókè. Bí ó bá gòkè kọjá àgbọ̀n yín, ó ti tóbi jù. Bí ẹ bá bọ́ sómi, ẹ̀wù á léfòó, ẹ̀yin á sì yọ́ jáde nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ohun òyìnbó tó ṣàjèjì ni. Kí fóòmù tó dé, òwú àràbà ni wọ́n ń kì sínú ẹ̀wù yìí káàkiri àgbáyé, òwú kan náà tí àwọn ìyá àgbà fi ń kún ìrọ̀rí. Òwú àràbà kì í tètè mu omi, ìdí nìyẹn tó fi ń léfòó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ tàbí tí epo wọ̀ ọ́, agbára rẹ̀ á tán. Ẹ̀kọ́ náà kò yí padà: ẹ má fi ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà ṣe ìrọ̀rí, ẹ má sì jókòó lé e.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ gbọ́ o

Àṣà wa ni kí ìyá pọn ọmọ, kó fi ọ̀já gbà á dáadáa. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ewu ńlá ni. Wọ́n ṣe ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà tó dára lọ́nà tí yóò fi dá èèyàn dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kí imú àti ẹnu lè wà lókè omi. Bí ìyá bá wá pọn ọmọ, ojú ìyá á wà lókè, orí ọmọ á wà nínú omi. Nítorí náà, ẹ tú ọ̀já, ẹ gbé ọmọ síwájú. Ẹ wá ẹ̀wù tó jẹ́ ti ọmọdé, tó bá ìwọ̀n kílò rẹ̀ mu, tí ìdè rẹ̀ gba àárín itan kọjá kó má baà bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀wù àgbàlagbà kò lè gba ọmọdé là. Àwọn tó sì ń sọ pé ẹ̀wù náà á ba aṣọ àti gèlè àwọn jẹ́, aṣọ ṣeé fọ̀, gèlè ṣeé tún wé.

Ráàfù wo ló dára?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ní ọkọ̀, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń dá owó ra ọkọ̀ ìpẹja, àti àwọn ọmọ wa tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé fún irú òwò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù á mú èèyàn léfòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú omi náà ló ṣì wà. Nígbà tí Titanic rì lọ́dún 1912, ọ̀pọ̀ àwọn tó wọ ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà ni òtútù pa, torí pé àyè inú àwọn ọkọ̀ kéékèèké ìgbàlà kò ju ti èèyàn 1,178 lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tó 2,200. Omi òkun tiwa kò tutù tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àárẹ̀, oòrùn àti òùngbẹ ń pani. Ráàfù ló ń gbé èèyàn kúrò nínú omi.

Oríṣi méjì ló wà. Ráàfù oní-atẹ́gùn máa ń wà ní kíká sínú àpótí. Bí wọ́n bá fa okùn rẹ̀, gáàsì á fẹ́ ẹ láàrin ìṣẹ́jú kan. Ó fúyẹ́, kò gba àyè, ó sì ní ìbòrí. Àléébù rẹ̀ ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún níbi tí wọ́n fàṣẹ sí. Bí ìyẹn bá yẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá fa okùn ni wọ́n máa mọ̀ pé gáàsì ti tán. Ráàfù líle ní tirẹ̀ jẹ́ fóòmù tí omi kì í wọ̀, tí wọ́n fi ohun líle bò. Kò ní gáàsì tó lè jò, ìwọ̀ ẹja kò sì lè bẹ́ ẹ. Ó wúwo, ó sì ń gba àyè, ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ ìpẹja tó jìnnà sí ibi àyẹ̀wò, òun ló ṣeé fọkàn tẹ̀ jù.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò. Àkọ́kọ́, kí àyè inú rẹ̀ tó fún gbogbo ẹni tó ń wọ ọkọ̀ náà. Èkejì, kó ṣeé lò níhà méjèèjì, tàbí kó lè yí ara rẹ̀ padà, torí ìgbì kì í béèrè ìhà tó yẹ kó wà lókè. Ẹ̀kẹta, kí okùn yí i ká tí àwọn tó wà nínú omi lè dì mú. Ẹ̀kẹrin, kí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ọsàn tó pọ́n, kí wọ́n lè rí i lókèèrè. Ẹ̀karùn-ún, ẹ wá àkọlé SOLAS lára rẹ̀, ìyẹn òfin àgbáyé lórí ààbò ojú òkun, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1914 lẹ́yìn ti Titanic.

Ibi tí ẹ gbé e sí tún ṣe kókó. Ẹ má gbé ẹrù lé e, ẹ má sì dè é pa mọ́ ọkọ̀, kó má baà bá ọkọ̀ rì. Ohun ìdè kan wà tí omi máa ń já fúnra rẹ̀ kí ó tó rì kọjá mítà 4. Ẹ béèrè fún un. Ẹ sì fi omi mímu sínú ráàfù: òfin àgbáyé fẹ́ lítà kan àtààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mu omi òkun.

Ẹ gbọ́ ìtàn Poon Lim, ọmọ Ṣáínà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òyìnbó Ben Lomond. Lóṣù kọkànlá ọdún 1942, àwọn ará Jámánì rì ọkọ̀ náà sínú òkun Àtìláńtíìkì. Kò mọ omi wẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà wà lára rẹ̀, ó sì rí ráàfù onípákó kan gùn. Ó gbe omi òjò mu, ó pẹja jẹ. Ọjọ́ 133 ló lò lórí ráàfù náà kí àwọn apẹja tó rí i nítòsí Brazil, láàyè.

Bí kò bá sí nǹkan kan ńkọ́?

Kẹ́ẹ̀gì òfìfo onílítà 25 tí wọ́n dé pa lè gbé ohun tó tó kílò 20 sókè, èyí sì ju ohun tí orí àti èjìká ẹnì kan nílò lọ. Ẹ so okùn mọ́ ọn, torí ó máa ń yọ̀. Kò dípò ẹ̀wù o, ṣùgbọ́n ó sàn ju ọwọ́ lásán lọ. Bí ọkọ̀ bá sì dànù, tí ó ṣì ń léfòó, ẹ dì í mú. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti wẹ̀ lọ sí èbúté tí ẹ ń wò lókèèrè. Ẹni tó mọ odò wẹ̀ lodò ń gbé lọ.

Àjọ NIWA, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1997 láti máa bójú tó ọ̀nà omi abẹ́lé, kò fàyè gba ìrìnàjò òru, àpọ̀jù èrò àti ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ àjọ kò lè wà ní gbogbo èbúté. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín gba ìwé Ìlàjẹ, ẹ ra ẹ̀wù tirẹ̀ fún un bí ẹ ṣe ń ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kí ẹ sì sọ fún un pé bí ọkọ̀ bá ti kún jù, kó sọ̀ kalẹ̀, kó dúró de òmíràn. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́, bí ó bá ṣáà ti délé.