Ìsinmi Etí Òkun Nínú Oṣù May: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ìdílé Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò

Nígbàkúùgbà tí ọdún Àjíǹde bá ti kọjá, tí àwọn ọmọ sì ti padà sí ilé ẹ̀kọ́ fún sáà kẹta, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń wọ inú ilé púpọ̀ ní agbègbè wa yìí: níbo ni a ó mú àwọn ọmọ lọ kí òjò tó dé pátápátá? Ẹni tí ó ní ará ní London yóò máa gbọ́ pé àkókò yìí gan-an ni àwọn ará ibẹ̀ ń jáde lọ sí etí òkun. Kò yani lẹ́nu. Òtútù ti lọ lọ́dọ̀ tiwọn, igi ti rúwé, ìjọba wọn sì ti fi Monday tí ó kẹ́yìn nínú oṣù May ṣe ọjọ́ ìsinmi láti ọdún 1971, ní ipò Monday Pẹ́ńtíkọ́sì tí àwọn baba wọn ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí oòrùn ń padà bọ̀ wá bá wọn ni òjò ń padà bọ̀ wá bá àwa. Ẹni tí ó bá fi kàlẹ́ńdà London pète ìsinmi etí òkun ní Èkó, òjò ni yóò gbà á ní àlejò.

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tí ó lówó àtiwọ bàálù lọ sí erékùṣù òkèèrè. Àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé, àwọn tí ń tajà ní Alábà, àwọn ìyá tí ń pàtẹ ní Ìyànà-Ìbà ni a ní lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbé Òkòkòmáíkò fún ogún ọdún láìtíì mú ọmọ wọn kan tẹ iyanrìn etí òkun, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sà wà lẹ́yìn ìlú Ọ̀jọ́, òkun sì wà lẹ́yìn ọ̀sà. Ìlú Àwórì ni Ọ̀jọ́. Omi ni títì àwọn baba wọn kí ọkọ̀ ilẹ̀ tó pọ̀. Àwa tí a wá bá wọn níbẹ̀ ni a kọ ẹ̀yìn sí omi, tí a kọjú sí títì márosẹ̀, tí a sì ń ráhùn pé kò sí ibi ìgbádùn ní apá ibi tí a ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti ọjọ́ tí ó yẹ. Ọjọ́ méjì ni ìjọba fún wa nínú oṣù May tí àwọn ọmọ kì í lọ sí ilé ẹ̀kọ́: ọjọ́ kìíní, tí í ṣe ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, àti ọjọ́ 27, tí í ṣe ọjọ́ àwọn ọmọdé. Èrò tèmi ni pé kí a yan ti ìṣáájú. Oṣù June ni òjò máa ń pọ̀ jù lọ ní Èkó, bí May bá sì ti ń lọ sí òpin ni ojú ọ̀run ti ń múra sílẹ̀ fún un. Òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kì í dá wá, ìjì ni ó máa ń ṣáájú rẹ̀, ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ó sì sábà máa ń jà. Nítorí náà òwúrọ̀ ni kí a fi sọdá omi, kí a sì ti padà sí òdìkejì kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Láti oṣù May lọ ni òtútù ń mú ní ìhà gúúsù ayé, tí ìjì líle sì ń jà lórí òkun Àtìláńtíìkì ní ọ̀nà jíjìn réré sí wa. Ìgbì tí ìjì náà dá sílẹ̀ a máa rìn fún ọjọ́ púpọ̀ títí yóò fi dé etíkun tiwa. Nípa bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run lè mọ́ roro ní Àgbádárìgì, kí ewé àgbọn má mì, kí òkun sì máa bú ramúramù bí ẹni tí a ṣẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú ọ̀run nìkan mọ inú òkun.

Ní ti ibi tí a ó lọ, ẹni tí ó bá ní ará ní Èkó lè gba Tarkwa Bay lọ, nítorí pé àwọn òkúta ńlá tí a kó sí ẹnu ọ̀nà èbúté ń gba ìgbì fún un, omi rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Ilashe náà dára, ṣùgbọ́n àwọn olówó ti kọ́ ilé ìgbafẹ́ sí ibẹ̀ púpọ̀, owó tí a ó fi jókòó sí ọgbà wọn sì lè ju owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé lọ. Ní tèmi, Àgbádárìgì ni mo fọwọ́ sí fún ìdílé tí ó ní ọjọ́ kan péré. Ọ̀sà wà níbẹ̀, erékùṣù wà, òkun wà, ìtàn tí ó kan ilé Kristẹni gbogbo ní ilẹ̀ wa sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Láti Òkòkòmáíkò dé ibẹ̀ kò tó 50 kìlómítà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ títì náà kì í fi kìlómítà wọ̀n ọ́n. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń dá ọkọ̀ dúró nítorí ibodè Sẹ̀mẹ̀ wà lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ títì tí kì í tán. Kí ìdílé kúrò nílé ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀. Kí ìyá ti se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata lálẹ́ àná, kí ó sì di mọ́ín-mọ́ín díẹ̀ sí i, nítorí iyanrìn a máa mú ebi pa ọmọ ju bí ó ti yẹ lọ. Kí omi mímu pọ̀. Kí aṣọ ìpààrọ̀ wà nínú ọ̀rá. Àgbọn ni kí a má wulẹ̀ rù lọ, nítorí ilé rẹ̀ ni à ń lọ. Mo tún fẹ́ kí bàbá gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan tí ó ní ìdérí líle dání, kí ó so okùn gígùn mọ́ ọn. Bí àwọn ará ilé bá rẹ́rìn-ín, kí ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi yóò sọ ìwúlò rẹ̀ bí a bá dé ọ̀rọ̀ òkun.

Ní ìlú, kí a tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ mú àwọn ọmọ lọ wo ibi tí igi Agia ti dúró rí. Lábẹ́ rẹ̀ ni Thomas Birch Freeman, ìránṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀ tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ti wàásù nínú oṣù September ọdún 1842. Henry Townsend ti C.M.S. dé ní oṣù December ọdún náà, wọ́n sì ṣe Kérésìmesì ní ìlú náà. Igi náà wó ní ọjọ́ 20 oṣù June 1959, ohun ìrántí ni ó rọ́pò rẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ rìn lọ sí etí ọ̀sà níbi tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì ti 1845 ṣì dúró sí, èyí tí a ń pè ní àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Àwọn ọmọ yóò fẹ́ sáré gun àtẹ̀gùn rẹ̀; ẹ má jẹ́ kí wọ́n sáré, àgbà ilé ni.

Nínú àwọn tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní January 1845 ni Samuel Àjàyí Crowther wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ lẹ́sẹẹsẹ, nítorí pé erékùṣù tí ẹ ń lọ kò ní yé wọn bí wọn kò bá gbọ́ ọ. A kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọdé. Ní 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú omi, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ó di ọdún kẹtàlélógún kí ó tó fi ẹsẹ̀ tẹ etíkun Àgbádárìgì, ó ti di àlùfáà nígbà náà. Abẹ́òkúta ni ó ń lọ, ogun sì dí ọ̀nà. Ó dúró ní Àgbádárìgì ju ọdún kan lọ. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta nínú oṣù August 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn.

Òdìkejì ọ̀sà ni Gberefu wà, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì kì í pẹ́ gbé ènìyàn débẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn nínú iyanrìn, láàárín àwọn igi àgbọn, lójú ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun. Àwọn tí ń fi ibẹ̀ han àlejò yóò fi kànga kan hàn yín, wọn a máa sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ní òpin ọ̀nà ni ibi tí a ń pè ní ibi tí a kì í ti í padà. Ọmọ kan bi mí léèrè níbẹ̀ bóyá ibí yìí ni Crowther gbà lọ. Mo ní rárá, Èkó ni wọ́n ti kó o lọ, Àgbádárìgì ni ó gbà wọlé padà. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Bàbá, àwọn tí ó gba ibí yìí lọ ńkọ́?” N kò rí èsì kan fún un ju òkun tí ó wà níwájú wa lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ òkun náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣeré nínú iyanrìn, kí wọ́n ṣa ìkarahun, kí omi fọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Kọjá orúnkún, mo kọ̀ fún wọn, ì báà jẹ́ ọmọ tí ó mọ odò wẹ̀. Omi tí ìgbì ń gbé wá sí ilẹ̀ ní láti padà, ó sì máa ń gba ojú kan padà pẹ̀lú agbára, bí odò tí ń ṣàn nínú òkun. Ojú ibẹ̀ kì í ní ìfóòfó ìgbì tó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó a rọ̀ lójú, ìyẹn sì ni ó fi ń tan àlejò jẹ, tí yóò fi yan ibẹ̀ wẹ̀. Bí ó bá fa ẹnikẹ́ni, kí ó má ṣe bá omi jà láti padà tààrà sí ilẹ̀, agbára rẹ̀ yóò tán. Kí ó dojú sókè kí ó léfòó, kí ó gbé ọwọ́ sókè kí ó ké, bí ó bá sì lè wẹ̀, kí ó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etí òkun, títí omi yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ́ wọlé tẹ̀lé e, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni òkú ń di méjì. Kẹ́ẹ̀gì olókùn tí a fi bàbá ṣe ẹlẹ́yà láàárọ̀ ni kí ó jù sí i, kí ó dì í mú.

Mo fi ti ìpadàbọ̀ sẹ́yìn nítorí òun ni ó kọ́ èmi pàápàá lọ́gbọ́n. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi àti àwọn ọmọ mẹ́rin lọ sí erékùṣù kan lójú ọ̀sà wa yìí ní ọjọ́ kìíní oṣù May. Èmi ni mo jẹ́ kí a pẹ́. Ẹja tútù ni mo ń ná. Nígbà tí a dé èbúté, agogo mẹ́fà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, ojú ọ̀run sì ti ṣú dẹ̀dẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù. A tó ènìyàn mẹ́rìndínlógún tí ń dúró dè é, àwọn láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì kò sì ju mẹ́sàn-án lọ, méjì nínú wọn kò ní okùn tí a fi ń dì í mọ́ àyà. Atukọ̀ náà ní, “Ẹ wọlé, Dádì, kò jìnnà.” Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀.

Ìyá àwọn ọmọ mi dì mí mú ní apá aṣọ. Ó ní, “Bàbá Ṣọlá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, ọmọ tèmi kò wọ ọkọ̀ yìí.” Mo sọ fún un pé ilé ẹ̀kọ́ wà lọ́la, pé a kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, pé àwọn èrò ń wò wá. Ó ní kí wọ́n máa wò. Ojú tì mí, mo sì bínú. Mo tún sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ náà lọ. Ìjì dé kí a tó rí ilé tí a ó wọ̀. Alàgbà ìjọ kan ní abúlé náà ni ó gbà wá, ó tẹ́ ẹní fún àwọn ọmọ nínú yàrá rẹ̀, òun àti aya rẹ̀ sì sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní òru, bí òjò ti ń lu páànù, n kò lè sùn. Àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ ni mo ń rò.

Ní òwúrọ̀ a gbọ́ pé ẹ̀rọ ọkọ̀ náà kú láàárín ọ̀sà, pé omi wọ inú rẹ̀, pé àwọn apẹja ni ó fi okùn fà wọ́n gúnlẹ̀ lóru. Ẹnikẹ́ni kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọkọ̀ mìíràn dé ní agogo méje. Mo dúró ní èbúté, mo ka jákẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fa okùn wọn wò, kí n tó jẹ́ kí ọmọ kan gbé ẹsẹ̀. Atukọ̀ ní ń kò gbẹ́kẹ̀ lé òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọmọ kò lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ náà, mo sì kọ ìwé sí olùkọ́ wọn láti tọrọ àforíjì.