Àkúnwọ́sílẹ̀ Tàbí Àkúnya? Lórí Ìperí Kan Nínú Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà

Bí ògbufọ̀ bá dé ibi tí ìwé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ti mẹ́nu ba buffer overflow, àkúnwọ́sílẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu, nítorí pé ó fi ewu tí ó wà níbẹ̀ pamọ́.

Kí ètò kọ̀ǹpútà tó ṣiṣẹ́ lórí dátà, yóò kọ́kọ́ gbà á sí àyè kan nínú iyè kọ̀ǹpútà. A ó pe àyè yìí ní ibùdúró. Ibùdúró ní ìwọ̀n. Bí ètò kò bá wo ìwọ̀n náà kí ó tó da dátà sí i, èyí tí ó lé kò ní dà nù. Orí ohun tí ó wà ní àyè ìtòsí ni yóò kọ ara rẹ̀ lé. Ohun náà lè jẹ́ àdírẹ́sì ibi tí kọ̀ǹpútà yóò ti mú àṣẹ tí ó kàn. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni ibi lè fi àṣẹ tirẹ̀ rọ́pò àṣẹ ẹni tí ó kọ ètò.

Àpẹẹrẹ kan ni àléébù tí a pè ní VENOM, tí Jason Geffner ti ilé-iṣẹ́ CrowdStrike rí, tí a sì kéde ní oṣù karùn-ún ọdún 2015. Inú QEMU ni ó wà, ètò tí ó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan gba kọ̀ǹpútà àfarawé lálejò. Apá tí ó ń fara wé ẹ̀rọ dísìkì flọ́pì ní ibùdúró oníbáìtì 512. Ó yẹ kí a dá òǹkà ibùdúró yìí padà sí òdo bí àṣẹ kọ̀ọ̀kan bá ti parí. Fún àṣẹ méjì péré, a kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àlejò lè máa da dátà títí yóò fi kọjá 512, kí ó sì ti ibẹ̀ wọ yàrá onílé. Láti 2004 ni àṣìṣe náà ti wà níbẹ̀. Ta ni ó tún ń lo flọ́pì ní 2015? Síbẹ̀, bí a tilẹ̀ yọ flọ́pì àfarawé náà kúrò, àṣìṣe mìíràn kò jẹ́ kí apá náà sinmi iṣẹ́.

Àkúnwọ́sílẹ̀ kò lè gbé èyí. Ìbùkún ni a fi ń tọrọ; epo tí ó bá sì kún wọ́ sílẹ̀ nínú ìkòkò, òfò lásán ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí odò Ògùnpa kún ya ní Ìbàdàn ní 1980, ilé onílé ni omi wọ̀. Àkúnya ibùdúró ni a fara mọ́. Olùkọ́ tí ó bá sọ pé ibùdúró kún wọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì yóò kàn bi í pé ta ni yóò nù ún.