Hipparion Kì í Ṣe Baba-ńlá Ẹṣin Ìbàdàn

Ìtàn ẹṣin ní Ìbàdàn kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn ogun. Ní agboolé àwọn ológun tó wà láyìíká òkè Mápó, ṣáájú kí a tó ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ní 1929, ẹṣin jẹ́ àmì ipò olóyè. Àríwá ni wọ́n ti ń ra ẹṣin wọ̀nyí wá, nítorí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó.

Bí ẹṣin bá jẹ́ àjèjì níhìn-ín, kí ni a ó wí nípa Hipparion, ìbátan ẹṣin tó ti kú àkúrun, tí a ń rí egungun rẹ̀ tó ti di òkúta ní Chad, Kẹ́ńyà àti Tànsáníà? Ó rọrùn láti fi í ṣe ẹ̀rí pé Áfíríkà ni ẹṣin ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò tó. Àríwá Amẹ́ríkà ni Hipparion ti kọjá sí Éṣíà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 11 ọdún sẹ́yìn, kí ó tó dé Áfíríkà. Ẹ̀ka mìíràn, Equus, tí ẹṣin òde òní àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jẹ́ ara rẹ̀, tún ti ibẹ̀ jáde lẹ́yìn náà. Pápá ìhà àríwá Éṣíà àti Yúróòpù ni a ti sọ ẹṣin di ẹran ọ̀sìn, ní ohun tó lé ní 4,000 ọdún sẹ́yìn.

Ẹsẹ̀ Hipparion gan-an fi ìyàtọ̀ hàn. Ìka mẹ́ta ló ní: ti àárín, tó tóbi, ni ó ń gbé ara, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ kéré. Ní Laetoli, ní Tànsáníà, ipasẹ̀ rẹ̀ wà nínú eérú òkè oníná tó ti lé ní mílíọ̀nù 3.5 ọdún. Elise Renders yẹ̀ wọ́n wò, ó sì fi hàn ní 1984 pé ìrìn wọn jọ ìrìn kíákíá, tí kì í ṣe eré, tí àwọn ẹṣin kan ṣì ń rìn lónìí. (Ìbátan náà hàn níbẹ̀, a kò lè sẹ́ ẹ.)

Orúkọ ni ó kù. Yorùbá ti ya ẹṣin, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ìbaaka sọ́tọ̀ tipẹ́. “Ẹṣin ìgbàanì” yóò da ohun tí èdè ti yà sọ́tọ̀ pọ̀, yóò sì sọ ẹ̀gbọ́n di baba. “Ìbátan ẹṣin oníka mẹ́ta” gùn jù ú lọ, kò sì tó nítorí àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n ní ìka mẹ́ta. Kí a kọ ọ́ tẹ̀ lé Hipparion nígbà àkọ́kọ́ tí orúkọ náà bá jẹ yọ, kí a sì máa lo Hipparion nìkan lẹ́yìn náà.