Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Kí Ló Ń Jẹ́ Kí Fíìmù Hollywood Kan Má Kúrò Lọ́kàn Ẹni?

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ẹ dákun, mélòó nínú àwọn fíìmù tí ẹ wò lọ́dún tó kọjá lẹ ṣì rántí? Ìbọn dún, mọ́tò gbiná, ilé wó, fíìmù parí, a pa tẹlifíṣàn, a sùn. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, a ti gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí a wò wọ́n, ṣe ni ojú òṣèré yẹn ṣì ń wò wá. Kí ló fà á?

Àwọn kan á ní owó tí wọ́n ná lé e lórí ni. Àwọn mìíràn á ní àmì ẹ̀yẹ Oscar ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí òṣèré náà kò sọ ló ń ṣe é. Àwọn àgbà wa ti wí i tipẹ́ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Òṣèré tó bá mọ ìgbà tó yẹ kóun panu mọ́, tó sì jẹ́ kí ojú òun rojọ́ tí ẹnu ò lè rò, onítọ̀hún ni kì í kúrò lọ́kàn ẹni.

Kì í ṣe pé mo ń bẹnu àtẹ́ lu eré tiwa o. Nígbà tí Hubert Ogunde, Kola Ogunmola àti Duro Ladipo ń gbé eré kiri láti ìlú dé ìlú, ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìlù gbọ́dọ̀ dún, ohùn gbọ́dọ̀ ròkè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Bí iṣẹ́ orí ìtàgé ṣe rí nìyẹn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà lè sún mọ́ ojú èèyàn débi pé bí ìpéǹpéjú bá gbọ̀n díẹ̀, gbogbo ayé ti rí i. Ẹni tó bá ń pariwo níwájú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni tó ń pariwo sí èèyàn tó jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tiwa, David Oyelowo. Ọmọ Yorùbá ni. Ìlú Oxford ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1976, ó gbé Èkó nígbà èwe rẹ̀ kí wọ́n tó padà sí London. Òun ló ṣe Martin Luther King nínú Selma, fíìmù tí Ava DuVernay darí, tó jáde lọ́dún 2014. Ìtàn bí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe fẹsẹ̀ rìn láti Selma dé Montgomery ní Alabama lọ́dún 1965 ni, kí wọ́n lè rí ẹ̀tọ́ ìbò wọn gbà. Ẹ gbọ́ nǹkan ìyanu kan: wọn ò lè lo àwọn ọ̀rọ̀ tí King gan-an sọ níwájú èrò, torí pé ilé iṣẹ́ fíìmù mìíràn ti gba àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹbí King. DuVernay ní láti jókòó kọ ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́. Ẹ ò rí i pé fíìmù nípa ọ̀gá àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni, síbẹ̀ gbólóhùn rẹ̀ tó lókìkí jù ò sí nínú rẹ̀!

Kí wá ni a rántí? Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rántí. King ń múra láti lọ gba ẹ̀bùn Nobel, ohun tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ò tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá, ó ń ráhùn fún ìyàwó rẹ̀ bí ọkọ èyíkéyìí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti alẹ́ ọjọ́ kan nínú ilé wọn. Téèpù kan ti dé ọwọ́ Coretta ìyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ obìnrin ló wà nínú rẹ̀. Coretta bi í bóyá ó nífẹ̀ẹ́ òun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi í bóyá ó nífẹ̀ẹ́ ìkankan nínú àwọn yòókù. King dákẹ́. Ó dákẹ́ títí tí ara fi ń ni ẹni tó ń wò ó. Nígbà tó wá dáhùn pé rárá, ìdáhùn náà ti pẹ́ jù, ìyàwó ti gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, kò rí ọ̀rọ̀ sọ níwájú ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí ètò Oscar ọdún 2015 dé, orin Selma gba àmì ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n wọn ò dárúkọ Oyelowo rárá. Gbogbo òṣèré 20 tí wọ́n yàn lọ́dún yẹn, aláwọ̀ funfun ni wọ́n. Ṣé ìyẹn wá pa ojú rẹ̀ rẹ́ lọ́kàn wa? Ó tì o.

Èkejì ni Chiwetel Ejiofor, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí London. Òun ló ṣe Solomon Northup nínú 12 Years a Slave, tí Steve McQueen darí lọ́dún 2013. Òótọ́ ni ìtàn náà: ọmọlúàbí ni Northup, ó ń ta gòjé ní ìpínlẹ̀ New York, kò sí ẹrú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ tó tàn án lọ sí Washington lọ́dún 1841, tí wọ́n sì tà á sí Louisiana. Ibì kan wà tí wọ́n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn lórí igi, orí ìka ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ ẹrẹ̀ kó má baà kú. Kámẹ́rà ò kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá iṣẹ́ wọn lọ, àwọn ọmọdé ń ṣeré. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tú u. Òṣèré náà ò sọ nǹkan kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ ló bá ọ̀rọ̀ tiwa mu jù. Lẹ́yìn ọdún méjìlá, ó délé. Àwọn ọmọ ti dàgbà, ọ̀kan ti lọ́kọ, ọmọ-ọmọ tí kò rí rí wà lọ́wọ́ wọn. Dípò kó ké, ṣe ló ń tọrọ gáfárà pé ìrísí òun ò dáa. Nínú àwa tá a ti pẹ́ nílẹ̀ yìí, tá a délé tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni ń béèrè pé ta nìyí, ta ni ò mọ irú ojú tí Ejiofor fi wo ilé rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Wọ́n jí tiẹ̀ gbé ni, àwa fẹsẹ̀ ara wa wá, ọ̀rọ̀ méjèèjì ò dọ́gba láéláé. Àmọ́ ọdún tó lọ ò padà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan lè ní, “Denzel Washington ńkọ́? Ṣebí ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́?” Ó dáa. Lóòótọ́ ni pé nínú Training Day, tó jáde lọ́dún 2001, tó sì fún un ní Oscar lọ́dún 2002, ẹnu ọlọ́pàá burúkú tó ṣe ò dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìparí rẹ̀. Ó ń lérí láàárín àdúgbò tó ti ń bẹ̀rù rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìdákẹ́jẹ́ àwọn èèyàn yẹn ló fi hàn wá pé agbára ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó wá dùn mí wọ eegun ni Fences, ọdún 2016, tí Denzel fúnra rẹ̀ darí. August Wilson ló kọ eré náà. Denzel àti Viola Davis ti kọ́kọ́ ṣe é lórí ìtàgé Broadway lọ́dún 2010, àwọn méjèèjì sì gba àmì ẹ̀yẹ Tony. Denzel ṣe Troy, bàbá tó ń bá wọn kó ìdọ̀tí ní Pittsburgh láyé àwọn ọdún 1950. Ọmọ rẹ̀ Cory fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lọ sí yunifásítì, bàbá ní kò sáyè. Ọmọ wá bi í léèrè ìdí tí kò fi fẹ́ràn òun rí. Troy sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀: oúnjẹ tí ò ń jẹ ńkọ́, aṣọ ọrùn rẹ ńkọ́, ilé tí ò ń sùn ńkọ́, ojúṣe mi ni mo ń ṣe! Gbólóhùn kan ṣoṣo tí ọmọ náà ń wá ni kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ Rose, tí Viola Davis ṣe, ló sọ fún un lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ ìyìn lẹ́nu bàbá ni ọmọ yẹn ń wá kiri.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àbí ẹ ò mọ ilé yẹn? Iṣẹ́ alẹ́, iṣẹ́ òwúrọ̀, owó ilé, owó iná, owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé. A gbà pé ọmọ rí gbogbo rẹ̀, pé òun náà mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Láyé àtijọ́, oríkì wà tí ìyá àgbà fi ń jí ọmọ láàárọ̀, ìyẹn ló ń sọ ohun tí bàbá ò sọ. Níbí, ìyá àgbà ò sí nílé, bàbá sì ń sùn lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìdákẹ́jẹ́ tó dùn ún wò lójú òṣèré, ó lè ṣòro fún ọmọ láti túmọ̀ nínú ilé.

Ìdí tí mo fi ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán nìyẹn. Fíìmù tó dáa máa ń dá ẹnu dúró kí àwa tó ń wò ó lè parí ọ̀rọ̀ náà fúnra wa. Tí ẹ bá ráyè lópin ọ̀sẹ̀, ẹ wo Fences tàbí Selma pẹ̀lú àwọn ọmọ yín tó ti tó ọ̀dọ́. Ẹ fi 12 Years a Slave sílẹ̀ fún àwọn tó ti dàgbà, torí ìyà inú rẹ̀ le. Tó bá parí, ẹ má tíì sáré gbé fóònù. Ẹ bi wọ́n pé ibo ló dùn wọ́n jù, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè tó bá wá sí wọn lẹ́nu. Tí ọ̀kan nínú wọn bá bi yín ní ìbéèrè Cory, ẹ má dárúkọ oúnjẹ o. Ẹ dá a lóhùn.