Usta Ni Wọ́n Ń Wá Kí Wọ́n Tó Wá Bağlama

Ní àdúgbò Beyoğlu, ní apá Yúróòpù ìlú Istanbul, òpópónà tóóró kan da gẹ̀rẹ́ láti Tünel lọ sí ìhà ilé ìṣọ́ Galata. Galip Dede ni wọ́n ń pè é, orúkọ akéwì kan tó jẹ́ olórí ilé àwọn Súúfì Mevlevi. Ilé náà ṣì wà ní òpópónà yìí, ó ti di mùsíọ́ọ̀mù. Ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin ló tò lọ lọ́tùn-ún lósì níbẹ̀, bağlama sì wà nínú wọn lóríṣiríṣi: ọrùn gígùn, ikùn tó yọ bọ̀ǹbọ̀ lẹ́yìn, okùn wáyà méje tí wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Saz ni orúkọ rẹ̀ mìíràn. Àwọn kan ń dán gbinrin, wọ́n fi ìkarahun ṣe ọ̀ṣọ́ sí wọn lára, owó wọn kò sì wọ́n. Àlejò á rí i, á ní òun ti rí ohun tí òun ń wá. Bẹ́ẹ̀ ohun ìfikọ́ ògiri ni ọ̀pọ̀ irú wọn, a kò ṣe wọ́n kí ẹnikẹ́ni fi kọrin.

Àwọn olórin kì í ti ibi ọ̀ṣọ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé iṣẹ́ ọwọ́ usta wo nìyí.

Usta ni ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ọwọ́. Kalfa ló tẹ̀ lé e, ẹni tó ti mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì dá dúró. Lábẹ́ kalfa ni çırak wà, ọmọ iṣẹ́ tó ń gbálẹ̀, tó ń fi sáńpépà ha igi, tí ojú rẹ̀ sì ń kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹnu sọ fún un. Usta ló ń yan igi, òun ló ń tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi gbẹ, òun ló ń gbẹ́ ẹ, òun ló sì ń so okùn tó ń pààlà ohùn mọ́ ọrùn rẹ̀. Nígbà tí nǹkan bá bà jẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé e padà sí. Ìjọba náà ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ orin Túrkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Istanbul lọ́dún 1975, tó wà lábẹ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ìlú náà, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní ṣíṣe ohun èlò orin, Cafer Açın sì ni orúkọ tí wọ́n máa ń dá mọ́ ẹ̀ka náà. Nípa bẹ́ẹ̀, usta tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì àti usta tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ jọ ń ta ọjà nínú ìlú kan náà. Ní tèmi, ìwé ẹ̀rí kò tó láti fi dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ wo iṣẹ́ tó ti ṣe ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kí ẹ sì bi àwọn tó ń lò ó bóyá ó ṣì dúró ṣinṣin.

Ìdí tí wọ́n fi ń fojú tó le wo iṣẹ́ yìí ni pé bağlama ju ohun ìgbafẹ́ lọ ní Túrkì. Òun ni àwọn âşık, àwọn akéwì tó ń kọrin káàkiri ìlú, ń gbé kọ́rùn. Aşık Veysel, tí wọ́n bí lábúlé Sivrialan ní Sivas lọ́dún 1894, tó fọ́jú láti kékeré, fi saz kan ṣoṣo di ẹni tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀ kó tó kú lọ́dún 1973. Nínú ìjọsìn àwọn Alevi, ẹ̀ka ẹ̀sìn kan ní Túrkì, ìjọsìn tí wọ́n ń pè ní cem, zakir ló ń fi saz darí orin, àwọn kan a sì fẹnu kò ó lẹ́nu kí wọ́n tó ta á. Wọ́n tún ń pè é ní Kùránì olókùn. Ẹni tó ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tà mọ̀ pé ibi ìjọsìn lè jẹ́ ibi tí iṣẹ́ òun ń lọ.

Rédíò náà mú ìyípadà wá. Ní àwọn ọdún 1940, Muzaffer Sarısözen kó àwọn olórin jọ ní Rédíò Ankara fún ètò Yurttan Sesler. Kí saz mẹ́wàá tó lè jókòó papọ̀, ohùn wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Ohun tí abúlé kọ̀ọ̀kan ń ṣe bó ṣe wù ú wá di ohun tí usta gbọ́dọ̀ wọ̀n.

Ikùn bağlama, tí wọ́n ń pè ní tekne, ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Nínú oyma, usta á mú odindi ìtì igi, á gbẹ́ inú rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi fẹ́lẹ́. Igi dut ni wọ́n fẹ́ràn jù fún èyí, igi eléso dídùn tí kòkòrò sílíìkì ń jẹ ewé rẹ̀. Nínú yaprak, wọ́n á la igi sí pẹlẹbẹ tín-ín-rín, wọ́n á fi iná tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Igi ceviz, kestane, ardıç àti maun ni wọ́n máa ń lò, títí kan wenge tí wọ́n ń kó wá láti inú igbó Kóńgò àti Kamẹrúùnù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé oyma ló dára jù, owó rẹ̀ sì wọ́n. Èmi kò gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Oyma tí igi rẹ̀ kò gbẹ dáadáa yóò là, yaprak tí usta tó mọṣẹ́ ṣe á sì pẹ́ jù ú lọ. Ìbéèrè tó yẹ ká bi usta ni pé ọdún mélòó ni igi yìí ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ máa lọ.

Pákó ojú bağlama, ladin ni, igi orí òkè ibi tó tutù. Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Kí àwọn ìlà ara igi náà tọ́ láti ìdí ọrùn dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì sún mọ́ra. Ojú bağlama tó ti pẹ́ máa ń rì díẹ̀ nítorí okùn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá rì jìn, agbára ti ń tán nínú rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi èkejì wo ọrùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gürgen, igi líle kan, ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Ọrùn tó bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí tó lọ́, ẹ má rà á, bó ti wù kí ikùn rẹ̀ rẹwà tó.

Ibi tí owó àlejò ti sábà máa ń ṣòfò ni perde, àwọn okùn ọ̀rá tí usta fi yí ọrùn ká, irú èyí tí apẹja fi ń pẹja. Irin ni ti gìtá, wọn kì í kúrò lójú kan. Ti bağlama ṣeé sún síwá sẹ́yìn, wọ́n sì pọ̀ ju ti gìtá lọ nínú octave kan, nítorí pé orin ilẹ̀ Túrkì ní àwọn ohùn tó bọ́ sáàárín méjì nínú ti dùùrù, tí dùùrù kò lè kọ. Perde tó bá yẹ̀ díẹ̀ yóò ba gbogbo orin jẹ́. Ìdánwò kan wà tí ẹni tí kò tíì mọ orin kọ lè ṣe. Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ ní àárín gbùngbùn rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá ta á: ohùn mímọ́ kan tó ga yóò jáde. Ẹ tẹ okùn yẹn mọ́ perde tó wà níbẹ̀ gan-an, kí ẹ tún ta á. Ohùn kan náà ló yẹ kó jẹ́. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ ní kí usta tún un so lójú yín. Bí ó ṣe ń ṣe é yóò fi irú ẹni tó jẹ́ hàn yín.

Ìwọ̀n náà ṣe kókó. Cura ló kéré jù, divan àti meydan ló tóbi, bağlama tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ṣẹ́ sì máa ń ní ikùn tó gùn tó 38 sí 42 sẹ̀ǹtímítà. Ọlọ́rùn gígùn ni Neşet Ertaş ọmọ Kırşehir (1938 sí 2012) ń ta. Ọlọ́rùn kúkúrú ló gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí Arif Sağ, Musa Eroğlu, Yavuz Top àti Muhlis Akarsu gbé àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù Muhabbet jáde. Akarsu wà lára àwọn tó kú ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1993, nígbà tí àwọn èrò tínú ń bí dáná sun hòtẹ́ẹ̀lì Madımak ní Sivas. Akarsu wá síbẹ̀ fún àjọ̀dún tí wọ́n fi ń rántí akéwì Alevi náà, Pir Sultan Abdal, ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orin àwọn Alevi, ọlọ́rùn kúkúrú ni yóò bá a mu jù. Ẹni tó fẹ́ ti Kırşehir, kó lọ ra ọlọ́rùn gígùn. Kí ó pinnu èyí kó tó kúrò nílé.

Èèkàn bağlama, tí okùn wé mọ́, gbọ́dọ̀ yí wọ́ọ́rọ́, kó sì dúró. Okùn kò ná ni lówó púpọ̀, kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí okùn tuntun tó ń dán tan òun jẹ.

Láti ìgbà tí Túrkì àti Jámánì ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn òṣìṣẹ́ lọ́dún 1961 ni bağlama ti bá àwọn òṣìṣẹ́ Túrkì lọ sí Jámánì. Ní Berlin, wọ́n fi í ṣe ohun èlò orin ọdún ní 2013. Àwọn oníṣòwò wa náà ń lọ ra aṣọ ní Laleli, tí kò jìnnà sí Galip Dede. Ẹni tó bá fẹ́ gbé bağlama bọ̀ wá sí Èkó gbọ́dọ̀ sọ fún usta pé ibi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi ló ń lọ, nítorí èèkàn á wú, ojú ìlẹ̀mọ́ á sì tú. Kí ó dẹ okùn kó tó wọ bàálù, kí ó gbé e dání nínú àpótí líle, kí ó sì gba nọ́ńbà fóònù usta. Bí perde bá yẹ̀ lójú ọ̀nà, okùn ìpẹja lásán ni, ó ṣeé tún so nílé. Bí ọrùn bá wọ́, àfi kó gbé e padà sí Istanbul.