Jíìpù kékeré tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà: Ta ló yẹ kó rà á ní Ìlàjẹ?

Bí òjò oṣù kẹfà bá ti ń rọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹni tó ní mọ́tò mọ̀ pé iṣẹ́ dé. Ọ̀nà ọ̀dà tó gba Òrè àti Òkìtìpupa wá sí Igbókòdá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, kì í ṣe ìṣòro tó le jù. Ìgbà tí ọkọ̀ bá yà kúrò lórí ọ̀dà, tó forí lé etí omi, ni ojú awakọ̀ máa ń là. Táyà kan á wọ inú ẹrẹ̀, á máa yí lófo, ọkọ̀ ò sì ní kúrò lójú kan.

Bí ẹja tútù ló wà nínú ọkọ̀ náà, oòrùn kò ní dúró dè é. Bí aboyún tó ń rọbí ni wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọjà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ jíìpù kékeré tí gbogbo táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà fi yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ fi owó àjọ tàbí owó ìfẹ̀yìntì ra ọkọ̀.

Àwọn jíìpù tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà. Toyota gbé RAV4 jáde lọ́dún 1994, Honda gbé CR-V jáde ní Japan lọ́dún 1995, Subaru Forester tẹ̀ lé e lọ́dún 1997, Nissan X-Trail sì dé lọ́dún 2000. Ara mọ́tò kékeré ni wọ́n gbé wọn lé, wọn kì í ṣe ọkọ̀ ńlá bíi Land Cruiser. Àmọ́ wọ́n ga nílẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀ àti abẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré jẹ́ nǹkan bíi 15 tàbí kó dín díẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí nìkan tó láti gba abẹ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ kùkùté àti kòtò.

Ibi tí agbára wọn wà gan-an ni táyà. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, táyà méjì iwájú nìkan ló ń fa ọkọ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá bọ́ sínú ẹrẹ̀, òun ni agbára ẹ́ńjìnnì máa ń sá lọ bá, torí pé ibẹ̀ ló rọrùn láti yí. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle á kàn máa wòran. Nínú jíìpù tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, irin gígùn kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn. Ti Forester, ìgbà gbogbo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́. Ti CR-V, iwájú ló máa ń fà lórí ọ̀nà gidi, ìgbà tí iwájú bá yọ̀ ni ẹ̀yìn máa ń gbà á.

Ilẹ̀ Ìlàjẹ fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí èyí ṣe pàtàkì. Àwọn onímọ̀ tó pín etíkun Nàìjíríà sí ọ̀nà mẹ́rin ya apá kan sọ́tọ̀ tí wọ́n ń pè ní etíkun ẹrẹ̀ Màhìn. Ó gùn tó nǹkan bíi 80 kìlómítà, ó sì lọ títí dé ẹnu odò Benin. Ní ìhà Àràròmí, iyanrìn ló wà létí òkun. Láti Ayétòrò lọ sí ìhà Àwòyè, ẹrẹ̀ múlọ́múlọ́ ni. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wa ọkọ̀ lórí méjèèjì yàtọ̀ síra.

Lórí iyanrìn, afẹ́fẹ́ táyà ni wọ́n máa ń dín kù. Táyà tó gba 32 lórí ọ̀dà lè gba 20 lórí iyanrìn, kó lè tẹ́ sílẹ̀ dáadáa, kó má baà gbẹ́ ilẹ̀. Ó di dandan kí ohun tí wọ́n máa fi fẹ́ ẹ padà wà nínú ọkọ̀, torí eré sísá lórí ọ̀dà pẹ̀lú táyà tí kò ní afẹ́fẹ́ tó léwu. Lórí ẹrẹ̀, ojú táyà ló ṣe kókó. Táyà tó ti dán bí orí apárí kò lè di ilẹ̀ mú, bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tilẹ̀ ń fà. Àǹfààní mìíràn ni pé ọ̀pọ̀ jíìpù kékeré wọ̀n tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀. Land Cruiser ju tọ́ọ̀nù méjì lọ, ohun tó bá sì wúwo ló máa ń tètè rì.

Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Kì í ṣe gbogbo RAV4 tàbí CR-V ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti ń wá, oríṣi méjèèjì ni wọ́n ń tà: èyí tí iwájú nìkan ń fà, àti èyí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Ìrísí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àmì 4WD tàbí AWD tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kò tó ẹ̀rí, torí ẹnikẹ́ni lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kí olùrà mú mẹkáníìkì rẹ̀ dání, kí ó yọjú sábẹ́ ọkọ̀. Bí irin gígùn tó lọ sẹ́yìn àti àpótí jíà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì kò bá sí níbẹ̀, mọ́tò kékeré tó ga lásán ni. Nígbà mìíràn pẹ̀lú, ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lè ti yọ irin náà dànù nígbà tó bàjẹ́.

Ìtọ́jú rẹ̀ náà tún ní ti ẹ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ oríṣi kan náà, kí wọ́n sì jẹ tó ara wọn. Bí méjì bá jẹ́ tuntun, tí méjì jẹ́ àlòkù, jíà á máa rò pé ọkọ̀ ń yọ̀, á sì máa gbóná títí tí yóò fi bàjẹ́. Ọ́ìlì àpótí ẹ̀yìn náà ń fẹ́ pípààrọ̀. Ó tún ń jẹ epo ju irú rẹ̀ tí iwájú nìkan ń fà lọ, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023.

Ọ̀tá tó burú jù ni omi iyọ̀. Ọkọ̀ tó bá kan omi òkun gbọ́dọ̀ rí omi tútù tí kò ní iyọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, abẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n sì kọ́kọ́ fọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpẹtà á jẹ búréèkì àti wáyà rẹ̀. Omi tó bá kọjá ìdajì táyà, kí awakọ̀ má wọ̀ ọ́, torí bí ẹ́ńjìnnì bá mu omi, ó di kíkó tà fún onírin. Kó má sì gbàgbé pé táyà mẹ́rin tó ń fà kò ní kí ọkọ̀ tètè dúró. Búréèkì tí gbogbo mọ́tò ní náà ni òun ní. Ẹni tó bá sáré nínú òjò torí pé ó gbójú lé e, inú igbó ló máa bá ara rẹ̀.

Ta wá ló yẹ kó rà á? Nọ́ọ̀sì, olùkọ́, oníṣòwò ẹja àti ẹni tó ń gbé aláìsàn, tí iṣẹ́ wọn ń gbé wọn kúrò lórí ọ̀dà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò, wọn yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé Igbókòdá sí Òkìtìpupa ni gbogbo ìrìn rẹ̀, mọ́tò kékeré tó lágbára ti tó o, kó fi owó yòókù ra táyà gidi. Ẹni tó ń kó ẹrù tó wúwo, kó lọ wá ọkọ̀ akẹ́rù.

Lọ́dún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀nà etíkun láti Èkó lọ sí Calabar, tí wọ́n ní yóò gùn tó 700 kìlómítà, tí yóò sì gba etíkun Oǹdó kọjá. Síbẹ̀, ilẹ̀ etíkun yìí kì í dúró sójú kan. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá lè ti di omi lónìí, nítorí náà, kí awakọ̀ bi àwọn ará ìlú kó tó tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Bí jíìpù náà sì ti wù kó lágbára tó, etí omi ni iṣẹ́ rẹ̀ parí sí. Ẹni tó ń lọ sí Àwòyè, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀. Ohun tí owó jíìpù lè rà fún un ni pé kí òun àti ẹrù rẹ̀ dé èbúté ní àsìkò, kí ọkọ̀ ojú omi tó ṣí.