Ìtọ́jú Òdòdó Sálúbàtà ní Ilẹ̀ Olóoru

Ní ìpínlẹ̀ Florida, ní ìpẹ̀kun gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbin irú ọ́kíìdì kan tí apá kan òdòdó rẹ̀ ká bí iwájú sálúbàtà. Paphiopedilum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Igbó ilẹ̀ Éṣíà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Bí ooru Florida tilẹ̀ bá a lára mu, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń kú mọ́ àwọn tí kò mọ ìwà rẹ̀ lọ́wọ́.

Òdòdó yìí kò ní ibi tí ó ń fi omi pamọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì mìíràn ti ní. Nítorí náà, gbòǹgbò rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ tán, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbọdọ̀ wà nínú omi. Èèpo igi tí a gé wẹ́wẹ́ ni a ń gbìn ín sí, nínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, kí omi lè ṣàn jáde kí atẹ́gùn sì lè wọlé. Èyí tí ewé rẹ̀ ṣe adíkálà ni ó sábà máa ń fara da ooru jù. Bí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó rí: ìdí kan kì í tanná lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ tí ó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò tanná tẹ̀ lé e.

Àsìkò òjò, láti oṣù Kàrún-ún títí di oṣù Kẹwàá, ni ewu pọ̀ jù. Bí omi bá dúró sí àárín ewé mọ́jú, ewéko náà lè jẹrà láti inú wá. Ó yẹ kí ó wà lábẹ́ ìbòòji tí òjò kò lè rọ̀ sí, kí a sì máa bomi rin ín ní òwúrọ̀, kí ewé rẹ̀ lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Omi òjò tí a gbè sínú àgbá ni ó dára jù fún un.

Ọ̀ràn tí ó tún ṣe pàtàkì ni ibi tí a ti rà á. Ní ọdún 1999 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe irú kan tí ó wà ní Vietnam, Paphiopedilum vietnamense. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ tí àwọn tí ń hú u tà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run nínú igbó. Àdéhùn àgbáyé tí a ń pè ní CITES ti fòfin de títa èyí tí a hú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Hóró rẹ̀ kéré bí eruku. Inú ìgò ni àwọn olùgbìn ti ń mú un hù, ọdún púpọ̀ ni ó sì ń gbà kí ó tó tanná. Kí olùrà béèrè bí a ti ṣe gbìn ín kí ó tó sanwó.